Àfòpiná inú sítọ̀ kòkó: bí mo ṣe ń mọ̀ ọ́n àti bí mo ṣe ń bá a jà

Àfòpiná tí ẹ rí tó ń fò lókè àpò yín kò jẹ kòkó mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí owó tí mo ti rí tí àwọn èèyàn ń fọ́n sórí oògùn fífín kì í ṣe kékeré. Ó ti jẹun tán. Ìgbà tó ṣì wà ní ìdin ló jẹun. Nísinsìnyí, ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló kù fún un láyé, kò sì ní ohun mìíràn í ṣe ju kó wá ẹnìkejì, kó yé, kó kú lọ. Ẹ fín in, ó já bọ́, inú yín dùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú àpò, àwọn mìíràn wà nínú ihò ògiri, oògùn yín ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ṣọ́ sítọ̀ kòkó nílùú Ìdànrè. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Gíréédà ni wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń yẹ kòkó wò láti mọ ipò tó yẹ ẹ́, nígbà Bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó, kí ìjọba tó tú Bọ́ọ̀dù ká ní 1986. Bí a bá gba ọlidé, wọ́n á mú mi dání, èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Wọn kì í kọ́kọ́ wo àpò. Wọ́n á gbé ojú sókè síbi tí ògiri ti pàdé àjà, wọ́n á ní kí n tan iná síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ta kókó síbẹ̀ bí òwú tí ẹnìkan gbàgbé, wọ́n á mi orí, ẹni tó ni sítọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkankan.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje. Àṣálẹ́ àti ìdájí ni ara rẹ̀ máa ń yá. Ní ọ̀sán, ńṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ògiri bí ìdọ̀tí. Ẹ fi ife gíláàsì dé ọ̀kan, kí ẹ ti páálí pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e síta síbi ìmọ́lẹ̀. Tó bá pa ìyẹ́ mọ́ra, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Tó bá na ìyẹ́ méjèèjì, wọn kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì. Ìyẹ́ òkè rí bí eérú tí omi ta sí, ìlà dúdú kan tí kò hàn dáadáa sì gba orí rẹ̀ kọjá. Ìyẹ́ ti abẹ́ funfun, ó ní irun wẹ́wẹ́ létí bíi wajawaja etí ìborùn. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, àwọ̀ eérú yẹn á lẹ̀ mọ́ ìka yín.

Ephestia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀. Ará Faransé kan, Guenée, ló sọ ìdílé náà lórúkọ ní 1845. Èyí tó wà ní sítọ̀ wa, tó fẹ́ràn ooru, ni Ephestia cautella. Àwọn kan ti ń pè é ní Cadra cautella. Bí ẹ bá rí orúkọ méjèèjì lára páálí pákúté, ẹ má dààmú, ọ̀kan náà ni. Èyí tó ń jẹ́ Ephestia elutella fẹ́ràn kòkó bákan náà, ó sì tún ń jẹ tábà, àmọ́ ilé ìkẹ́rùsí Yúróòpù ni ilé tirẹ̀. Ìdin tirẹ̀ lè sùn mọ́jú ìgbà òtútù, kó má jẹ, kó má mu, títí ooru á fi dé. Kòkó wa lè bá cautella kúrò ní èbúté Èkó, kó lọ bá elutella lọ́hùn-ún, kí wọ́n jọ máa jẹ ẹ́. Ephestia kuehniella ni ti ìyẹ̀fun, ó tóbi ju tiwa díẹ̀, òwú tó ń ta sì máa ń dí ọ̀nà ẹ̀rọ nílé ìlọ̀yẹ̀fun. Ephestia figulilella ń jẹ èso àjàrà gbígbẹ, ọ̀pọ̀tọ́ àti dábínù ní agbègbè òkun Mẹditaréníà àti ní Kalifọ́níà. Èmi ò tíì rí ìyẹn rí, mi ò sì rò pé yóò bá mi ní Ìdànrè.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun lè fi ojú lásán ya àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò wọ̀nyí sọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ti fò fún ọjọ́ méjì, ara wọn á ti bó, gbogbo wọn á wá jọra. Onímọ̀ fúnra rẹ̀, ńṣe ló ń tú ìdí wọn wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Àwa tí a ní sítọ̀ kò nílò ìyẹn. Ohun tí a nílò ni ká má fi ìbátan wọn pè wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní London fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, “Mọ́mì, kòkòrò sítọ̀ yín ti tẹ̀lé èlùbọ́ dé bí o!” Mo ní kó tún un yà, kó sún mọ́ ìyẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ìdajì ìyẹ́ náà lápá orí funfun bí ọ̀rá, ìdajì tó kù pupa bíi bàbà. Mo rẹ́rìn-ín. Plodia interpunctella nìyẹn, ìbátan tiwa ni, ó sì wọ́pọ̀ nínú kíṣìnì wọn lọ́hùn-ún, nínú sírílì, nínú ẹ̀pà, nínú oúnjẹ ẹyẹ. Títí di òní ni mo ṣì ń jà fún èlùbọ́ mi. Mo ní kó kó gbogbo ohun tí òwú ti ta sí dànù, kó gbé èyí tó kù sínú fírísà fún ọ̀sẹ̀ kan, kó tó dà á sínú ìgò tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fa gbogbo igun kọ́bọ́ọ̀dù, títí kan inú ihò ìṣó.

Ìbátan kejì ló ń tan àwa tibí jẹ: Corcyra cephalonica, tó fẹ́ràn ìrẹsì, tó sì ń jẹ kòkó pẹ̀lú. Àwọ̀ eérú ni tirẹ̀ náà, àmọ́ kò ní ìlà lára, ó rí gbalaja lásán. Bí ojú yín ò bá mú un, ìdin ni kí ẹ wò. Ìdin Ephestia funfun, tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó jẹ, orí rẹ̀ pọ́n bí obì, ara rẹ̀ sì ní àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí ẹni fi ẹnu báírò tọ́ ọ káàkiri. Irun kan ló ti inú àmì kọ̀ọ̀kan jáde. Ìdin Corcyra àti ti Plodia kò ní àmì yẹn. Ẹ lo gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, èyí táwọn tó ń tún aago ṣe ń lò. Owó rẹ̀ kò pọ̀.

Kí n má parọ́ mọ́ ìdílé yìí, wọ́n ti ṣe wá lóore kan láìmọ̀. Ní 1911, ní agbègbè Thüringen ní Jámánì, Ernst Berliner yẹ ìdin kuehniella tó ń ṣàìsàn nínú ìyẹ̀fun wò, ó sì rí kòkòrò àìfojúrí tó ń pa wọ́n. Ó fi orúkọ agbègbè náà pè é: Bacillus thuringiensis. Ará Japan kan, Ishiwata, ti rí irú rẹ̀ ṣáájú lára kòkòrò sílíìkì ní 1901, àmọ́ orúkọ ti Jámánì ló dúró. Láti ara kòkòrò àìfojúrí yẹn ni wọ́n ti mú ohun tó wà nínú ẹ̀wà tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, èyí tí wọ́n ṣe ní Zaria kí Maruca, ìdin tó ń lu èèpo ẹ̀wà, má bàa jẹ ẹ́ lóko mọ́. Ẹlòmíràn ń jẹ ẹ̀wà náà, ẹlòmíràn ò jẹ́ fẹnu kàn án. Èyí kọ́ ni mo wá bá yín sọ.

Inú àpò

Ẹ bá mi tú ẹnu àpò ìdọ̀họ kan tó ti pẹ́ nínú sítọ̀ ní oṣù keje. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ò ní bá hóró tó ń yọ̀ láàrin ìka. Ẹ ó mú hóró kan, mẹ́wàá á tẹ̀ lé e, wọ́n á so rọ̀ sí ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, okùn tó so wọ́n pọ̀ kò sì hàn àfi bí ẹ bá gbé e síwájú iná. Ìdọ̀tí rẹ̀ wà lára okùn yẹn, róbóróbó bí iyanrìn, àwọ̀ kòkó gan-an. Ẹ fọ́ hóró kan. Inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ìdin kan sì wà níbẹ̀ tó kéré ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá fi koríko tọ́ ọ, ẹ̀yìn ló máa fi sá, á máa jà pìtìpìtì. Sányán tí àwọn bàbá wa ń wọ̀, òwú irú ìbátan rẹ̀ kan láti inú igbó ni. Tèyí kò ṣeé hun.

Abo kan lè yé tó igba ẹyin. Láàrin ihò àpò ni ó ń jù wọ́n sí bó ṣe ń rìn lọ. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n ti pa. Nínú ooru tiwa, láti ẹyin dé ìgbà tí yóò fò, oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ. Bí ìdin bá yó, tó fẹ́ di àfòpiná, kì í sábà dúró sínú àpò. Á jáde, á gun ògiri, á máa rìn kiri, á wá ihò, á ta òwú bo ara rẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni a ti lè mú un.

Hóró tí èèpo rẹ̀ ti là ló fẹ́ràn jù, nítorí ẹnu ọ̀nà ti ṣí fún un. Nítorí náà, kòkó tó gbẹ jù náà ń ṣe wá níbi. Omi inú kòkó kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, 7.5 ló dára, àmọ́ tó bá lọ sábẹ́ 6, fífọ́ ló kù, kẹ́ ẹ tó gbé e sọ sórí ọkọ̀ ó ti là. Ẹ di ẹ̀kúnwọ́ kan mú, ẹ fún un létí: tó bá dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ láìrún, ó ti tó.

Ọdún tí mo jẹ ìyà rẹ̀

Ọdún kẹta mi nídìí iṣẹ́ yìí, oníṣòwò kan ta ọgọ́rin àpò àlòkù fún mi ní ẹ̀dínwó. Mo gbọ̀n wọ́n, mo wò wọ́n, mo ní wọ́n mọ́. Mi ò yí etí wọn síta, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ rán. Inú ìṣẹ́po yẹn ni ilé òwú wà, tó tò bí ẹyin eṣinṣin. Mo rọ kòkó mi sí i, mo tò ó mọ́ ògiri gan-an kí àyè lè gbà wá, mo ti ilẹ̀kùn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọmọkùnrin tó ń bá mi gbálẹ̀ ní òun rò pé jàǹkárìwọ̀ ló bo orí àpò. Mo gun àkàsọ̀ lọ wò ó. Kì í ṣe jàǹkárìwọ̀. Ó nípọn débi pé mo fi ọwọ́ ká a bí aṣọ.

Gíréédà dé, wọ́n ka 300 hóró, wọ́n là wọ́n ní gígùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìlànà ṣe wí. Kí kòkó tó lè gba ipò kìn-ín-ní, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tó hù àti èyí tó pẹlẹbẹ, lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn hóró 9 péré. Ipò kejì ń gba 6, ìyẹn 18. Tèmi jẹ́ 21, ti kòkòrò nìkan. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà padà sílẹ̀, mo ṣà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo tún sá a. Owó tí mo fi pamọ́ lórí àpò kò tó owó àwọn obìnrin tó bá mi ṣà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí

Ìgbálẹ̀ ni oògùn mi àkọ́kọ́, mi ò sì ń ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni à ń gbá sítọ̀, láti òkè wá sílẹ̀: àjà, igi òrùlé, ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà ilẹ̀. Èèpo àti hóró fífọ́ tó wà lábẹ́ pákó ni ilé ìtọ́jú ọmọ wọn, ẹ má gbá a jọ sí igun kan kẹ́ ẹ ní ó di ọ̀la. Ẹ kó o síta lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ sun ún. Ihò ara ògiri, sìmẹ́ńtì ni mo fi ń dí i. Ẹfun ni mo fi kun inú, nítorí lára ògiri funfun, ẹ ó tètè rí ìdin tó ń gòkè.

Orí pákó ni àpò ń wà, kì í ṣe ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sì ni mo fi jìnnà sí ògiri. Àwọn èèyàn máa ń ráhùn sí mi pé mò ń fi àyè ṣòfò. Bí èèyàn kò bá lè gba ẹ̀yìn àpò kọjá, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Kòkó tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sára ìtò kọ̀ọ̀kan.

Bí mo bá ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tí mo rí òwú nínú rẹ̀, kì í bá tèmi wọlé. Orí tapólì dúdú ló ń lọ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, tín-ín-rín, à ń yí i. Ooru tó bá ti kọjá 50 dígírì ń pa ẹyin, ìdin àti èyí tó wà nínú òwú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò ṣeé gbé sórí tapólì dúdú ní aago méjì ọ̀sán. Ní ìgbà òjò tí oòrùn kò mú, ẹ má gbẹ́kẹ̀lé e.

Èyí tó tẹ̀lé e kò ná mi ní kọ́bọ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ẹ mú páálí tí wọ́n fi ń kó ọjà, ẹ ya bébà ojú kan rẹ̀ kúrò: ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi páànù òrùlé, ihò wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ gé e ní fífẹ̀ ìka mẹ́ta, ẹ ká a bí ẹní, ẹ so ó lókùn, ẹ gbé e kọ́ ara ògiri lókè, ní ìdí àjà, àti sí igun orí àpò. Ìdin tó ń wá ihò á wọ inú ibẹ̀, á ta òwú rẹ̀, á rò pé òun rílé. Ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan ni a ń ká gbogbo wọn, à ń tú ọ̀kan méjì wò, à ń ju ìyókù síná. Ẹ má gbàgbé láti ká wọn. Páálí tó bá lo oṣù kan láìsí ẹni tó ká a, ẹ̀yin lẹ kọ́lé fún wọn.

Pákúté olóòórùn wà lọ́jà, èyí onígun mẹ́ta tí inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ọ́mọ́. Òórùn abo ni wọ́n fi síbẹ̀, akọ nìkan ló ń mú. Òórùn kan náà ni àwọn Ephestia àti Plodia ń lò láti fi pe ara wọn, nítorí náà ọ̀kan tó fún gbogbo wọn. Ẹ má rò pé yóò pa wọ́n tán. Akọ kan tó bá sá là, á gun abo púpọ̀. Kíkà ló wà fún. Mo ní ìwé kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà: mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́fà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a ṣì ń gbálẹ̀. Tó bá di ogójì, mo mọ̀ pé ìtò kan ti bàjẹ́, mo wá a kàn.

Bí ẹ bá rí agbọ́n tín-ín-rín, tó kéré ju èèrà pupa lọ, tó ń rìn lórí àpò, ẹ fi sílẹ̀. Habrobracon ni, ìdin yìí ló ń ta, ó ń yé ẹyin sí i lára, ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́. Oògùn fífín, òun ló kọ́kọ́ ń pa.

Ní ti oògùn, mo ní ohun méjì láti sọ. Oògùn olómi inú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìta, tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà, ẹ má jẹ́ kó wọ sítọ̀ oúnjẹ. Dichlorvos ni orúkọ rẹ̀, nítorí rẹ̀ ni ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ wa ní 2015. Èkejì ni hóró aluminium phosphide, tó ń di gáàsì bí ọ̀rinrin bá kàn án. Ó ń ṣiṣẹ́, òun náà ni àwọn oníṣẹ́ ń lò fún kòkó tó ń lọ sókè òkun. Ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ pè. Abẹ́ tapólì tí wọ́n fi àpò iyanrìn tẹ̀ létí pinpin ni wọ́n ń fi í sí, ó kéré tán ọjọ́ márùn-ún, nítorí ẹyin àti èyí tó wà nínú òwú kì í tètè kú. Bí wọ́n bá ṣí i ní ọjọ́ kejì, ìdin nìkan ni wọ́n pa, ẹ ti sanwó lásán. Gáàsì náà ń rùn bíi kábáàdì àwọn oníwẹ́ẹ̀dà tàbí áyù, àmọ́ ẹ má dúró kí imú yín tó sọ fún yín. Kò sí ọdẹ tó gbọ́dọ̀ sùn nínú sítọ̀ náà, kò sí ìdílé tó gbọ́dọ̀ sùn nínú yàrá tó bá a pín ògiri. Ẹ má gbé hóró oògùn yìí kan ṣoṣo sínú àpò ìrẹsì nílé. Odindi ilé ti kú nípa bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá kúrò, ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, sítọ̀ máa ń ṣófo fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìkórè kòkó kékeré ti àárín ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ń lé wọn jù. A gbé gbogbo pákó jáde sínú oòrùn, a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìlà àárín wọn, a fọ ilẹ̀, a tún ẹfun kùn. Àpò àlòkù, mo ń sè é nínú dúrọ́ọ̀mù bí ẹni ń se aṣọ ọmọ ìkókó, n óò yí etí rẹ̀ síta kó tó gbẹ. Mo fi ìká páálí mẹ́rin sílẹ̀ nínú sítọ̀ tó ṣófo náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ń tú wọn. Lọ́dún yìí, ìdin kan ni mo bá, nínú èyí tó wà lókè ilẹ̀kùn. A tún ha orí ilẹ̀kùn náà, a dí ihò ìdè rẹ̀, kí a tó gba kòkó.